Ẹni tó fi eèsún tútù bo ebè, eèsún ló gbìn

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ní ilẹ̀ àkùrọ̀ kan tó tó ìlàjì pulọ́ọ̀tì, lẹ́bàá odò kékeré kan lẹ́yìn Ìbàdàn. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti tòmátì ni mò ń gbìn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Eèsún pọ̀ létí odò náà. Wọ́n ní koríko máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, ni mo bá gé e, mo fi bo ebè, mo ro èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ ilẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, eèsún ti ń hù láàárín tẹ̀tẹ̀, tẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹnì kan ní kí n ra oògùn kí n fín in, kí n pa gbogbo rẹ̀ run títí dé etí odò. Ẹlòmíràn ní kí n tún gbin púpọ̀ sí i kí odò má baà gbá ilẹ̀ mi lọ, pé ó tún máa ń gba àgbàdo lọ́wọ́ kòkòrò. Ìyá mi ní ejò ni mò ń pè wá sóko. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Nínú àwọn mẹ́ta tó gbà yín nímọ̀ràn, kò sí ẹni tó parọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ tán. Eèsún etí odò kọ́ ló ń dààmú yín, eèsún orí ebè ni, èyí tó wà lórí ebè yìí kò sì rá wá síbẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ gbìn ín. Bí àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin eèsún fún màlúù ṣe ń ṣe é náà lẹ ṣe: a gé igi rẹ̀, a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tútù, a wa erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, ó parí. Ohun tó mú tẹ̀tẹ̀ pọ́n tún yàtọ̀ sí èyí. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí a bá dì í pọ̀ mọ́ra, oògùn ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ lọ bá, ọ̀rọ̀ ò sì tíì débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé eèsún ni. Ìfefe náà ń hù létí omi, ó ga bíi tirẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pe méjèèjì lórúkọ kan. Ẹ gé igi kan kí ẹ wo inú rẹ̀. Inú ìfefe ṣófo bí fèrè. Inú eèsún kún, ó funfun, ó rọ̀ bíi ti pòròpórò àgbàdo. Bí ó bá ti yọ òdòdó, ti ìfefe tú yẹ́úyẹ́ú bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ti eèsún ki pọ́, ó dúró ṣánṣán, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30, ó dà bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ inú ìgò. Ìfefe lè dúró sínú omi lọ́dún lọ́dún. Eèsún fẹ́ràn etí omi, kò fẹ́ràn inú omi. Bí omi bá dá sí ìdí rẹ̀ pẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ìyàtọ̀ tó kan oko yín jù nìyí: ìfefe ń gba abẹ́ ilẹ̀ rá bí ẹ̀kan, eèsún kì í rá lọ jìnnà. Ìdí kan lè fẹ̀ tó mítà 1 bó bá ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gba abẹ́ poro méjì kọjá kó lọ yọrí lórí ebè kẹta. Èso rẹ̀ pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Igi rẹ̀ ló fi ń rìn, ọwọ́ èèyàn àti omi odò ló sì ń bá a gbé e.

Oríkèé ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ mú igi eèsún tó ti tó oṣù 4, ẹ bó ewé tó wé mọ́ ọn kúrò. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí ojú kékeré kan tó yọ ṣóńṣó, ẹ ó sì rí àwọn àmì tótòtó tó yí ibẹ̀ ká. Ojú yẹn ni igi tuntun, àwọn tótòtó yẹn ni gbòǹgbò tó ń retí omi. Bí ó bá fara kan ilẹ̀ tútù, ojú á là láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Igi kan tó gùn tó mítà 2 lè ní oríkèé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fojú bu iye igi tó wà nínú ìdì kan ṣoṣo tí ẹ gbé dé orí ebè. Ewé nìkan kì í hù. Eèsún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, tí kò tíì ga ju ìbàdí lọ, ewé ló pọ̀ jù lára rẹ̀, igi rẹ̀ ṣì kúrú, oríkèé rẹ̀ kò sì tíì gbó. Nítorí náà, ọjọ́ orí eèsún la fi ń mọ ohun tó wúlò fún. Èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 dára fún bíbo ilẹ̀ àti fún ẹran. Èyí tó ti lé ní oṣù 3, irúgbìn ni, bí a kò bá pa á kí a tó gbé e wọ oko.

Ní ti tẹ̀tẹ̀ tó ń pọ́n, èyí tí ẹ rò mọ́ ilẹ̀ ló fà á, kì í ṣe èyí tó wà lójú ebè. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń jẹ koríko di ilẹ̀dú. Náítírójìn, oúnjẹ inú ilẹ̀ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, bí a ṣe ń fi ọbẹ̀ jẹ iyán. Igi eèsún tó ti gbó, iyán funfun lásán ni, ọbẹ̀ ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n á wá bu ọbẹ̀ láti inú ilẹ̀, èyí tí tẹ̀tẹ̀ ìbá jẹ. Bí koríko bá wà lókè, ibi tó ti kan ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, tẹ̀tẹ̀ kì í sì í mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò ó mọ́ ilẹ̀, yíká gbòǹgbò ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe àrùn, kò sì ní wà títí. Ẹ fa gbogbo igi tí ọwọ́ bá tó jáde nínú ebè. Ẹ ó fi ìyẹn yọ èyí tó ti ń hù náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ́n ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ dáadáa, ìkúnwọ́ 2 sí 3 fún ibi tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú àti ní òró, kí ẹ pò ó mọ́ ojú ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bomi rin ín. Bó bá jẹ́ yúríà lẹ ní, ṣíbí ìmutíì méjì nínú kẹ́ẹ̀gì omi lítà 10 tó fún mítà 2 ebè, ìdí ni kí ẹ da á sí, kó má kan ewé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé tuntun á yọ ní àwọ̀ tó yẹ. Tẹ̀tẹ̀ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 4, ẹ má fi ajílẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ fà á tu, kí ẹ gbin òmíràn.

Ṣé kí ẹ wá jáwọ́ nínú fífi eèsún bo ebè ni? Ó tì o. Lórí àkùrọ̀ nígbà ọyẹ́, ebè tí a bò ń dín ìgbà tí èèyàn ń bomi rin ín kù, omi ìrinko kì í sì í ta ẹrẹ̀ sára ewé tòmátì mọ́, àrùn ibẹ̀ ló sì sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe ṣe é ni pé kí ẹ gé e nígbà tó bá kan ìbàdí, kó tó yọ òdòdó. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, torí irun ara ewé rẹ̀ ń yúnni, etí ewé rẹ̀ sì ń gé ọwọ́ bíi bíléèdì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àpáta tàbí ilẹ̀ líle tó gbẹ fún ọjọ́ 3 sí 5, kí ẹ máa yí i padà. Bí igi tó gbó bá wà nínú rẹ̀, ẹ ya á sọ́tọ̀. Ìyẹn ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 nínú oòrùn. Ẹ má fi ojú wo bó ṣe gbẹ tó, torí awọ rẹ̀ á ti pọ́n bí oríkèé ṣì wà láàyè. Ẹ fi èékánná họ ara oríkèé: bí inú rẹ̀ bá ṣì ní àwọ̀ ewé, ó ṣì máa hù, bí ó bá ti pọ́n tó sì ń ṣẹ́ kàù bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti kú. Kí koríko tí ẹ máa tẹ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì jìnnà sí ìdí ewébẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ìdí má baà rà. Ebè tó gùn tó mítà 5 tó sì fẹ̀ tó mítà 1 ń gba ìdì ńlá 3 sí 4. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí a fọ́n, ẹ má bò ó kó tó hù. Irúgbìn wọn kéré, wọn ò ní lè yọrí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ga tó ìka ọwọ́ ná, kí ẹ wá máa fi koríko sí àárín wọn. Ikán fẹ́ràn koríko gbígbẹ. Kò lágbára lórí àkùrọ̀ tó ṣì tutù, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ń gbẹ lóṣù Fẹ́búárì, ẹ máa ṣí koríko wò.

Igi tó ti gbó, tí kò ṣeé fi bo ebè, òun ni ọ̀pá tòmátì yín. Ẹ yan èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò, ẹ gé e ní mítà 1 àti ààbọ̀, ẹ sá a fún ọ̀sẹ̀ 3, kí ẹ họ oríkèé rẹ̀ wò bí mo ṣe sọ kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Ó máa ń tó sáà tòmátì kan, ìdí rẹ̀ á ti rà nígbà tí ẹ bá máa fà á. Ẹ má fi í ṣe ọ̀pá iṣu, kò lè gbé e. Èyí tó bá tún kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé e kéékèèké bí ìka, kí ẹ fi pa ààtàn: òṣùwọ̀n eèsún 3 sí òṣùwọ̀n ìgbẹ́ adìẹ 1, kí òkìtì náà ga kó sì fẹ̀ tó mítà 1 ó kéré tán, kí ẹ máa rọ omi sí i, kí ẹ máa rò ó padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Àárín rẹ̀ á gbóná débi pé oríkèé á kú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń rò ó, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kó sí àárín.

Ẹni tó ní kí ẹ gbin eèsún púpọ̀ sí etí odò, gbòǹgbò ló rí, kò rí orí rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, ó sì ń wọlẹ̀ jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eèsún tí a fi sílẹ̀ ń ga tó mítà 3 sí 4, orí rẹ̀ wúwo, ó sì ń ṣíji bo ilẹ̀ débi pé koríko kékeré kankan kò ní hù láàárín ìdí kan sí èkejì. Àárín yẹn ni omi ń gbà wọlé. Bí odò bá kún, á gbẹ́ abẹ́ ìdí náà, orí tó wúwo á sì fà á ya lulẹ̀ tòun ti erùpẹ̀, ihò tó máa ṣẹ́ kù á tóbi ju èyí tí omi nìkan ìbá gbẹ́. Àwọn igi tó bá ṣẹ́, odò á gbé wọn lọ sóko ẹni tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á hù níbẹ̀, ìyẹn á sì máa bú ẹni tí kò mọ̀. Síbẹ̀, èyí tó ti wà ní bèbè kò yẹ kí ẹ hú. Bí ẹ bá hú u, ilẹ̀ bèbè á tú, òjò àkọ́kọ́ ló máa kó o. Gígé ni kí ẹ máa gé e mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí orí má baà wúwo, kí ẹ sì máa gbin koríko kan tí wọ́n ń pè ní vetiver sí àwọn àlàfo àárín rẹ̀. Koríko yẹn kì í rá, gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ tààrà sísàlẹ̀ tó mítà 3, ó sì lè fara da omi tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ya ìdí rẹ̀ sí igi méjì mẹ́ta, ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 20, gbòǹgbò rẹ̀ ku 10, kí ẹ gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra wọn, kí ìlà náà dábùú ibi tí omi ń gbà ṣàn wọ odò. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín. Ó nílò bí oṣù mẹ́ta kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ bí bèbè náà bá ti dúró ṣánṣán bí ògiri, tàbí tó jẹ́ pé gọ́tà àdúgbò òkè ló ń da omi sínú odò yín, kò sí koríko tó lè dá a dúró. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980. Òkúta, àpò iyanrìn àti ìfohùnṣọ̀kan àwọn aládùúgbò ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fún àgbàdo ni. Ní Kẹ́ńyà, létí adágún Victoria, ilé ìwádìí nípa kòkòrò tí wọ́n ń pè ní icipe àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé ọgbọ́n kan jáde láti àwọn ọdún 1990: wọ́n gbin eèsún yí oko àgbàdo ká, wọ́n sì gbin Desmodium, ewéko kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, sáàárín àgbàdo. Òórùn Desmodium ń lé àfòpiná tó ń bí kòkòrò tó máa ń gbẹ́ inú igi àgbàdo, òórùn eèsún ń fà á mọ́ra. Á lọ yé ẹyin sára eèsún, ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gbẹ́ inú igi, eèsún á tu oje kan tó ń lẹ̀ bí àtè, ọ̀pọ̀ wọn á sì kú síbẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò kan tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì. Ní ti ejò, màámà yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ejò kì í jẹ koríko, eku ló ń wá, eku sì fẹ́ràn ìdí eèsún tí ewé gbígbẹ ti dì pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò gé láti ọdún tó kọjá. Eèsún tí à ń gé ní oṣù méjì méjì, tí a sì ń gbá ìdí rẹ̀, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ ju kí eku gbé lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín ni ọ̀yà: kò sí oúnjẹ tó dùn mọ́ ọn bí eèsún, bó bá sì jẹ ẹ́ tán, àgbàdo ló kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ eèsún tiyín tí ẹ ó máa gé fún ebè, ẹ lè fi mítà 10 gígùn bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ máa gbìn ín sí ló gba ọgbọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn máa ń tẹ̀ sí gúúsù lọ́dọ̀ wa. Ní Dìsẹ́ńbà, lọ́sàn-án gangan, eèsún tó ga mítà 3 ń fi òjìji tó fẹ̀ tó mítà 1.8 ránṣẹ́ sí ìhà àríwá rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni àkùrọ̀ yín ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ àríwá oko ni kí ẹ gbìn ín sí, kí òjìji rẹ̀ lọ sí ìta. Ẹ fi ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 1 àti ààbọ̀ sáàárín òun àti ebè tó sún mọ́ ọn jù, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń bá ewébẹ̀ du omi. Ìlà méjì, sẹ̀ǹtímítà 50 láàárín ìlà, 50 láàárín ìdí. Igi 42 ló máa gbà, ẹ gé 50 torí èyí tó lè kú. Kí igi kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta, kó jẹ́ láti ìsàlẹ̀ tàbí àárín igi tó ti tó oṣù 3 sí 4, torí orí rẹ̀ tó rọ̀ sábà máa ń rà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá ń gún un wọ ilẹ̀, oríkèé méjì nínú ilẹ̀, ọ̀kan lókè, kí ojú rẹ̀ máa wo òkè. Ọ̀pọ̀ tí kò hù, orí ni wọ́n fi sọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kíní ni kí ẹ gé e lẹ́yìn oṣù 3 sí 4, lẹ́yìn ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ máa fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀. Èyí tí a gé mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í lágbára, ó sì ń pẹ́ kó tó rú. Gbogbo ìdì tí ẹ bá gbé kúrò, oúnjẹ ilẹ̀ lẹ gbé, nítorí náà ẹ máa dá ìgbẹ́ adìẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìgé kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní ọdún kejì igi rẹ̀ á ti tín-ín-rín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní ráyè gé e déédéé, ẹ má gbìn ín rárá. Èmi ò rí àǹfààní kankan nínú eèsún tí àdá kì í dé ìdí rẹ̀. Irú kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní Mott, kì í sábà ga ju mítà 1 àti ààbọ̀ lọ, ewé rẹ̀ sì pọ̀ ju igi lọ. Òun ló yẹ oko kékeré bíi tiyín bí ẹ bá rí i. Irú eèsún tí wọ́n ń pè ní Pakchong, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oko màlúù ló bá mu. Iye tí wọ́n ní ó ń mú jáde, ajílẹ̀ àti omi púpọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku èyí tó ti hù lórí ebè. Ẹ má fín oògùn sí i. Glyphosate ń pa eèsún dé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó ń pa tẹ̀tẹ̀ tó bá ta sí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà ni wọ́n sì po nǹkan bí ọṣẹ mọ́ tó ń ṣe ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ní jàǹbá, omi àkùrọ̀ yín kò sì jìnnà sódò. Paraquat ń jó ewé nìkan, ìdí á tún rú. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì ló lè má jí mọ́. Iná náà kò ràn án. Ọwọ́ ni tirẹ̀, ìsinsìnyí sì ni, nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mú ilẹ̀. Ẹ rin ebè tutù dáadáa lálẹ́, kó tó di òwúrọ̀ ilẹ̀ á ti rọ̀; ẹ wa erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ di igi tó bí i mú nísàlẹ̀, kì í ṣe ewé, kí ẹ fà á jáde pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fa ewé nìkan, igi á ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀, á sì tún rú. Ẹ sá gbogbo rẹ̀ sórí òkúta, kí gbòǹgbò máa wo ojú ọ̀run, ẹ má jù ú sí poro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tún yẹ ebè wò, torí àwọn oríkèé tó wà nísàlẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọjú, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Kì í tán ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bá ti di ìdí ńlá létí ebè, ẹ gé e ku sẹ̀ǹtímítà 30 kí ẹ rí ibi dì mú, kí ẹ fi dígà gbẹ́ ẹ yíká. Bí ó bá ju agbára yín lọ, gbogbo ìgbà tó bá kan orúnkún ni kí ẹ máa gé e dé ilẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, kí ẹ má ṣe fo ìgbà kankan títí odidi ọdún kan.